Bí A Ṣe Ń Wọn Ìfà Afẹ́fẹ́ Sítóòfù Pẹ́lẹ́ẹ̀tì, àti Ìgbà Tó Yẹ Ká Fọwọ́ Kan Síkúrù Rẹ̀

Nígbà tí iná sítóòfù pẹ́lẹ́ẹ̀tì, ìyẹn sítóòfù tó ń jó ègé igi kéékèèké tí wọ́n fún pọ̀, bá ń jó láìlágbára, tí gíláàsì ojú rẹ̀ ń dúdú láàárín ọjọ́ kan, tí pẹ́lẹ́ẹ̀tì tí kò jó tán sì ń gbá jọ sínú abọ́ ìdáná, síkúrù kékeré orí bọ́ọ̀dù tó ń darí sítóòfù ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sáré lọ bá. Wọ́n á yí i díẹ̀, iná á gbérí fún ọjọ́ méjì, á tún padà sí bó ṣe wà. Síkúrù yẹn ló yẹ kó kẹ́yìn gbogbo iṣẹ́. Géèjì tó ń wọn ìfà, ìyẹn agbára tí sítóòfù fi ń fa afẹ́fẹ́, ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbé jáde, torí òun ló máa sọ fún yín bóyá ìdọ̀tí ló dí ọ̀nà, bóyá afẹ́fẹ́ ń gba ibi tí kò yẹ wọlé, tàbí bóyá fáànù ni kò lágbára mọ́.

Sítóòfù yìí pọ̀ ní àwọn ìpínlẹ̀ olótùútù Amẹ́ríkà bíi Maine, Vermont àti New Hampshire. Ẹni tó bá ra ilé níbẹ̀ lè bá a nínú ilé, kí ìwé rẹ̀ sì ti sọnù tipẹ́. Iṣẹ́ tí a fẹ́ ṣàlàyé yìí kò kọjá agbára ẹni tó lè di sípánà mú, àmọ́ ó gba sùúrù.

Ohun tí géèjì ń wọ̀n gan-an

Fáànù èéfín kò sí níwájú iná, ẹ̀yìn iná ló wà. Ó ń fa afẹ́fẹ́ láti ẹnu páìpù tó ń gba afẹ́fẹ́ wọlé, afẹ́fẹ́ náà á gba àwọn ihò wẹ́wẹ́ ìdí abọ́ ìdáná kọjá, á gba àárín àwọn irin tó ń gba ooru, kó tó dé ọ̀dọ̀ fáànù. Láti ibẹ̀ ni fáànù á ti tì í sínú páìpù èéfín, ó di ìta. Torí náà, láti ẹnu páìpù afẹ́fẹ́ títí dé fáànù, fífà ni. Lẹ́yìn fáànù, títì ni.

Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí ibẹ̀ lọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Nínú ilé iná, géèjì máa ka iye tó wà lábẹ́ òdo. Nínú páìpù lẹ́yìn fáànù, ó sábà máa ń ka iye tó wà lókè òdo, pàápàá bí páìpù náà bá kúrú tó sì gba ara ògiri jáde. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi sílíkóònù tó ń gba ooru dí gbogbo oríkèé páìpù pẹ́lẹ́ẹ̀tì pinpin: èéfín tó wà nínú rẹ̀ ń wá ọ̀nà àtijáde sínú yàrá. Ẹ má lu ihò sí i láti fi wọn nǹkan, àyàfi tí ìwé sítóòfù bá ní kẹ́ ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ tó sì fi ojú ibẹ̀ hàn yín.

Íǹṣì omi ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n ní Amẹ́ríkà, ìyẹn bí ìfà náà ṣe lè gbé omi sókè tó nínú ọ̀pá. Ní Yúróòpù, Pascal ni, tí wọ́n ń kọ ní Pa. Íǹṣì omi 1 jẹ́ 249 Pa, nítorí náà 0.10 íǹṣì jẹ́ nǹkan bíi 25 Pa. Iye kékeré gbáà ni. Géèjì tí fọ́kànáísà fi ń wọn táyà kò lè rí i rárá. Géèjì fákúùmù tí mẹkáníìkì ń so mọ́ ẹ́ńjìnnì kò wúlò níbí pẹ̀lú, torí íǹṣì mẹ́kúrì ló ń kà, íǹṣì mẹ́kúrì 1 sì tó íǹṣì omi 13.6. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ kò ní mira.

Bí ẹ bá wà ní Britain, tí ìwé sítóòfù yín sì ń béèrè 10 sí 12 Pa, ẹ wo ibi tó ní kẹ́ ẹ ti wọ̀n ọ́n. Ìfà símínì ni iye yẹn sábà máa ń jẹ́, ní ẹnu páìpù níbi tó ti jáde lára sítóòfù. Kì í ṣe ti inú ilé iná. Ẹni tó bá fi 12 Pa ti símínì wé iye inú ilé iná sítóòfù Amẹ́ríkà, ohun méjì tí kò jọra ló ń fi wéra.

Irinṣẹ́

Mànómítà (géèjì ìfà) oní-nọ́ńbà tó lè ka 0.001 íǹṣì omi ló rọrùn jù. Géèjì alábẹ́rẹ́ bíi Magnehelic, tó lọ láti 0 dé 0.5 tàbí láti 0 dé 1 íǹṣì, dára bákan náà, kò sì nílò bátìrì. Ẹ má ra èyí tó lọ dé 10 íǹṣì, torí gbogbo ohun tí ẹ fẹ́ kà máa há sí ìlà àkọ́kọ́ ojú rẹ̀.

Yàtọ̀ sí géèjì, ẹ nílò ọ̀pá bàbà tín-ín-rín, 1/4 íǹṣì níbùú, gígùn rẹ̀ bíi 25 sẹ̀ǹtímítà, àti hóòsì sílíkóònù mítà kan tó máa wọ̀ ọ́ dáadáa. Ọ̀pá bàbà ló máa kọjú sí ooru, hóòsì á bẹ̀rẹ̀ níbi tí ọ̀pá ti tutù. Hóòsì ọ̀rá lásán máa yọ́. Ẹ tún wá oríkèé onígun mẹ́ta (ẹlẹ́nu mẹ́ta, bíi lẹ́tà T) fún hóòsì kékeré, búrọ́ọ̀ṣì páìpù tó bá ìbú páìpù yín mu, ẹ̀rọ tó ń fa eérú, ìbọ̀wọ́, ìbòmú, ìwé àti bírò.

Ẹni tí owó géèjì bá wọ́n lójú rẹ̀ lè ṣe tirẹ̀. Ẹ wá pákó gígùn mítà kan, ẹ gbé orí rẹ̀ kan sókè ní sẹ̀ǹtímítà 10, ẹ di hóòsì tó mọ́ gaara mọ́ ọn lórí gbọọrọ láti ìsàlẹ̀ dókè. Ẹ ki ìsàlẹ̀ hóòsì náà bọ inú ìgò ẹlẹ́nu gbàǹgbà tí omi wà nínú rẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi àwọ̀ oúnjẹ díẹ̀ àti ọṣẹ abọ́ ẹ̀kán kan sínú omi náà. Ẹ da omi sí i títí yóò fi hàn ní ìsàlẹ̀ hóòsì tó wà lórí pákó, ẹ fi bírò sàmì síbẹ̀: òdo nìyẹn. Orí òkè hóòsì ni kẹ́ ẹ so mọ́ sítóòfù, ẹ fi ẹnu ìgò sílẹ̀ ní ṣíṣí. Torí pé pákó dagun ní ìwọ̀n 1 sí 10, mìlímítà kan tí omi bá gùn lórí pákó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 1 Pa gẹ́lẹ́. Ìfà 0.10 íǹṣì máa fa omi náà gòkè ní mìlímítà 25. Ohun tó ń ba ọ̀nà yìí jẹ́ ni kí orí tábìlì má dọ́gba, nítorí náà ẹ fi gbéǹdéke wọn ibi tí ẹ gbé e lé kẹ́ ẹ tó sàmì òdo, ẹ má sì sún un kúrò mọ́.

Ẹ kọ́kọ́ fọ̀ ọ́ mọ́

Wíwọn sítóòfù tó dọ̀tí kò wúlò fún ohunkóhun ju láti mọ̀ pé ó dọ̀tí. Ẹ pa á, ẹ jẹ́ kó tutù pátápátá, ẹ yọ wáyà iná rẹ̀ kúrò nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀yinná tó bo ara rẹ̀ mọ́ inú eérú lè wà láàyè fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ẹni tó bá fi ẹ̀rọ ìgbálẹ̀ inú ilé fà á lè dáná sun ẹ̀rọ náà àti ilé pọ̀.

Ẹ gbé abọ́ ìdáná jáde. Ẹ gbé e sókè kọjú sí ìmọ́lẹ̀, ẹ wo ihò rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan. Eérú tó ti yọ́ tó sì dì máa ń dí ihò láti inú, tó jẹ́ pé lókèèrè ẹ máa rò pé ihò ṣí. Ẹ fi irin dírílì tó bá ihò náà mu gún un pẹ̀lú ọwọ́, ẹ má fi ẹ̀rọ lù ú, torí bí ihò bá fẹ̀ ju bí wọ́n ṣe ṣe é lọ, ìwọ̀n inú ilé iná máa yàtọ̀ títí láé.

Lẹ́yìn náà, ẹ yọ àwọn pátákó irin ẹ̀yìn ilé iná. Ibẹ̀ ni eérú lúbúlúbú máa ń sá pa mọ́ sí. Ẹ fa gbogbo rẹ̀ jáde, títí dé ẹnu fáànù. Ẹ yọ fáànù bí ìwé bá gbà yín láyè, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì nu abẹ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ sì ra gásíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ tuntun kẹ́ ẹ tó dá a padà. Gásíkẹ́ẹ̀tì ògbólógbòó kì í sábà dì mọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Páìpù èéfín náà: ẹ ṣí ìdí rẹ̀ níbi tó ti yà, ẹ ki búrọ́ọ̀ṣì bọ̀ ọ́ dókè, ẹ jáde lọ wo orí rẹ̀ níta. Ẹyẹ àti agbọ́n fẹ́ràn ibẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Bí ẹ bá ń bi ara yín pé eérú mélòó ló lè wà níbẹ̀: tọ́ọ̀nù Amẹ́ríkà kan jẹ́ àpò 50, àpò kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ pọ́n-ùn 40. Pẹ́lẹ́ẹ̀tì tí eérú rẹ̀ jẹ́ 1 nínú 100 máa fi nǹkan bíi kílò 9 sílẹ̀ nínú tọ́ọ̀nù kan, kì í sì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ń bọ́ sínú àwo eérú. Ọ̀pọ̀ ló ń fò lọ sí ẹ̀yìn.

Ibi tí a ó ti wọ̀n ọ́n

Ọ̀pọ̀ sítóòfù ní ihò ìwọ̀n tiwọn, bóòtì kékeré kan tó dí i wà lára ilé iná, ní ẹ̀gbẹ́ tàbí nítòsí ilẹ̀kùn eérú. Ìwé ló máa sọ ibẹ̀. Bí kò bá sí, ẹ wá súwíìṣì fákúùmù. Ohun pẹlẹbẹ roboto ni, wáyà méjì wà lára rẹ̀, hóòsì tín-ín-rín kan sì so ó mọ́ ara sítóòfù. Ẹ yọ hóòsì náà, ẹ fi oríkèé onígun mẹ́ta sí àárín, kí ẹsẹ̀ kan lọ sí sítóòfù, ìkejì sí súwíìṣì, ìkẹta sí géèjì. Kì í ṣe kẹ́ ẹ yọ ọ́ lẹ́nu súwíìṣì kẹ́ ẹ sì so ó mọ́ géèjì nìkan: súwíìṣì á rò pé kò sí ìfà, pẹ́lẹ́ẹ̀tì kò ní bọ́ mọ́, iná á sì kú mọ́ yín lójú.

Ẹ wo ibi tí hóòsì yẹn gbé wọ ara sítóòfù dáadáa. Nínú àwọn sítóòfù kan, kò wọ inú ilé iná tààrà, ọ̀nà èéfín lẹ́yìn àwọn irin ooru ló wọ̀, iye tó máa kà níbẹ̀ sì máa ga ju ti inú ilé iná lọ. Ẹ tún fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ gún ẹnu rẹ̀, torí eérú máa ń dí i.

Wíwọ̀n

1. Ẹ so hóòsì mọ́ ẹnu géèjì tí wọ́n kọ «−» tàbí «low» sí, ẹ fi ẹnu kejì sílẹ̀ kó máa mí afẹ́fẹ́ yàrá. Bí ẹ bá so ó báyìí, ìfà máa hàn bí iye tó wà lókè òdo: bí iye bá ṣe ga tó ni ìfà ṣe lágbára tó. Ẹ má tíì so ó mọ́ sítóòfù. Ẹ gbé géèjì sí bí ẹ ṣe máa kà á gẹ́lẹ́, torí géèjì alábẹ́rẹ́ tó dúró lóòró àti èyí tó dùbúlẹ̀ kì í ní òdo kan náà. Ẹ wá mú un dé òdo.

2. Ẹ ti gbogbo fèrèsé àti ilẹ̀kùn ìta. Ẹ pa fáànù ilé ìdáná, ti balùwẹ̀ àti ẹ̀rọ tó ń gbẹ aṣọ. Ẹ ti ilẹ̀kùn sítóòfù àti ti eérú gírígírí.

3. Ẹ ki ọ̀pá bàbà bọ ihò ìwọ̀n, kí orí rẹ̀ kàn wọlé díẹ̀, kó má bọ́ sójú iná. Ẹ fi ohun kan dí àyíká rẹ̀. Ihò tó kù láyìíká ọ̀pá ń jò, ó sì ń dín ohun tí ẹ fẹ́ kà kù.

4. Bí sítóòfù yín bá ní bọ́tìnì àyẹ̀wò, ẹ tẹ̀ ẹ́ kí fáànù ṣiṣẹ́ láìsí iná. Ẹ kọ iye tó kà sílẹ̀. Òun ni iye òtútù.

5. Ẹ tan iná, ẹ fi sí ìwọ̀n ooru tó kéré jù, ẹ jẹ́ kó jó fún ìṣẹ́jú 30 sí 45 kí irin gbóná tán. Abẹ́rẹ́ kò ní dúró sójú kan, á máa gbọ̀n bí iná ṣe ń gbọ̀n. Ẹ wò ó fún ìṣẹ́jú méjì, ẹ mú àárín ibi tó ń lọ àti ibi tó ń bọ̀.

6. Ẹ gbé e sí ìwọ̀n tó ga jù, ẹ dúró ìṣẹ́jú 20, ẹ tún kà á.

7. Ẹ kọ ìwọ̀n méjèèjì, ìgbóná tàbí òtútù ìta, àti bóyá atẹ́gùn ń fẹ́. Lọ́jọ́ tí atẹ́gùn bá ń fẹ́ gan-an, ẹ fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ di ọjọ́ mìíràn.

Iye tó yẹ kẹ́ ẹ rí kì í ṣe ọ̀kan náà fún gbogbo sítóòfù. Àwọn kan ń ṣiṣẹ́ dáadáa pẹ̀lú nǹkan bíi 0.10 íǹṣì níwọ̀n kékeré, àwọn mìíràn ń fẹ́ ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀. Ẹ wo irin pẹlẹbẹ tí wọ́n kọ nọ́ńbà sítóòfù sí, ní ẹ̀yìn tàbí lábẹ́ ìdérí àpótí pẹ́lẹ́ẹ̀tì, kẹ́ ẹ fi wá ìwé rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Iye tí ẹlòmíràn rí lára sítóòfù tirẹ̀ kò kàn yín.

Ohun tí iye náà ń sọ

Iye inú ilé iná kì í ṣe ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tó ń kọjá. Ohun tó ń fi hàn ni bí ọ̀nà tó wà ṣáájú ilé iná ṣe há tó, ní ìfiwéra pẹ̀lú ọ̀nà tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí iye tó ga kò fi túmọ̀ sí pé iná ń rí afẹ́fẹ́.

Bí iye bá ga ju ti ìwé lọ, tí iná sì rọ, tó pupa rẹ́súrẹ́sú, tí orí rẹ̀ ń ru èéfín dúdú, ọ̀nà ìwọlé ló dí. Fáànù ń fà, àmọ́ kò sí ohun tó ń wọlé. Ẹ wo ihò abọ́ ìdáná, ẹ wo dámpà (ìdérí kékeré tí a fi ń ṣí ọ̀nà tàbí dín in kù) ẹnu afẹ́fẹ́, ẹ wo àwọ̀n tó wà lẹ́nu páìpù afẹ́fẹ́ níta. Ewé àti òwú inú ẹ̀rọ tó ń gbẹ aṣọ máa ń lẹ̀ mọ́ ọn.

Bí iye bá kéré, tí iná sì rọ bẹ́ẹ̀, ẹ̀yìn ilé iná ni kẹ́ ẹ lọ. Ó lè jẹ́ eérú láàárín irin ooru, ó lè jẹ́ páìpù, ó lè jẹ́ fáànù tó ń yí lọ́ra nítorí pé bíárìn rẹ̀ ti gbẹ tàbí abẹ rẹ̀ ti wúwo fún eérú. Nígbà tí wáyà iná bá yọ, ẹ fi ìka yí i. Ó yẹ kó yí gbirigbiri kó tó dúró, kó má dún, kó má sì mì.

Ẹ̀kẹta ló ń tan èèyàn jẹ jù: iye kéré, fáànù ń yí dáadáa, ọ̀nà sì mọ́ kedere. Jíjò ni. Afẹ́fẹ́ ń gba etí ilẹ̀kùn wọlé, ó ń gba orí iná kọjá lọ sọ́dọ̀ fáànù láìdé ìdí abọ́. Sítóòfù kún fún afẹ́fẹ́, iná ò sì rí i jó.

Àyẹ̀wò kan wà tó ń ya jíjò sọ́tọ̀ kúrò lára ìdọ̀tí. Kí sítóòfù tutù, kí fáànù máa ṣiṣẹ́ láìsí iná, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ tàbí téèpù bo ẹnu páìpù afẹ́fẹ́ pátápátá, ẹ sì máa wo géèjì. Bí sítóòfù bá dì dáadáa, iye á fò sókè lójú ẹsẹ̀, torí fáànù kò rí afẹ́fẹ́ fà mọ́. Bó bá jẹ́ pé ó kàn gbéra díẹ̀ ni, afẹ́fẹ́ ń bá ibòmíràn wọlé. Ẹ má dán èyí wò nígbà tí iná bá ń jó.

Kẹ́ ẹ tó pa fáànù, ẹ tan igi tùràrí kan, ẹ mú un yí etí ilẹ̀kùn, etí gíláàsì, ilẹ̀kùn eérú, ìdérí àpótí pẹ́lẹ́ẹ̀tì àti àwọn pátákó ìfọ̀mọ́. Ibi tí èéfín rẹ̀ bá ti tẹ̀ wọlé ni ihò wà. Fún ilẹ̀kùn, ẹ ti í mọ́ ìwé pélébé, ẹ fà á. Bí ìwé bá yọ wọ́ọ́rọ́wọ́ níbì kan, okùn gásíkẹ́ẹ̀tì ti tẹ̀ pẹlẹbẹ níbẹ̀. Ẹ pààrọ̀ gbogbo rẹ̀, ìbú kan náà pẹ̀lú èyí tí ìwé sọ. Ẹ má na okùn náà nígbà tí ẹ bá ń lẹ̀ ẹ́, torí bí a bá nà án, ó máa ń tín-ín-rín, kò sì ní kún ojú ihò. Lẹ́yìn tí gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun bá wọlé, ìfà máa ga sí i láìsí pé ẹ yí síkúrù kankan.

Ilé fúnra rẹ̀ lè máa fa afẹ́fẹ́

Ẹ gbé sítóòfù sí ìwọ̀n kékeré, ẹ wá tan fáànù ilé ìdáná, lẹ́yìn náà ti balùwẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ̀rọ tó ń gbẹ aṣọ. Bí iye bá ń já sílẹ̀ bí ẹ ṣe ń tan ọ̀kọ̀ọ̀kan, tó sì padà nígbà tí ẹ ṣí fèrèsé díẹ̀, ebi afẹ́fẹ́ ń pa ilé náà. Nínú ilé tuntun tó dì pinpin, fáànù ilé ìdáná tó lágbára lè mú ìtẹ̀ afẹ́fẹ́ inú ilé wálẹ̀ ní 5 Pa tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìyẹn 0.02 íǹṣì. Lára sítóòfù tó ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú 0.10, kì í ṣe kékeré.

Bí sítóòfù bá ní páìpù tó ń gba afẹ́fẹ́ wá láti ìta, ẹ kà á pẹ̀lú òye. Géèjì ń fi ilé iná wé yàrá. Bí ìtẹ̀ afẹ́fẹ́ yàrá bá wálẹ̀, iye á dínkù bẹ́ẹ̀ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé afẹ́fẹ́ tí iná ń rí kò yí padà. Iná kò ní ṣàárẹ̀, àmọ́ ewu mìíràn wà níbẹ̀: bí ìfà yàrá bá lọ sún mọ́ ti ilé iná, èéfín á gba ojú gásíkẹ́ẹ̀tì tó ti gbó wọ yàrá. Èéfín yẹn ní carbon monoxide nínú, gáàsì tí kò lóòórùn tí kò sì láwọ̀, tó ń pa èèyàn lójú oorun. Kí aláàmù rẹ̀ wà nínú yàrá sítóòfù àti lẹ́bàá ibi tí ẹ ń sùn, kó sì ní bátìrì.

Páìpù tó gùn jù, páìpù tó ga jù

Ìṣirò tí ọ̀pọ̀ ìwé sítóòfù Amẹ́ríkà ń lò rọrùn. Ẹsẹ̀ bàtà 1 páìpù tó dùbúlẹ̀ jẹ́ 1. Ẹsẹ̀ bàtà 1 tó dúró lóòró jẹ́ 0.5. Ìgbọ̀nwọ́ 90 (ibi tí páìpù ti yà ní dígírì 90) tàbí oríkèé onígun mẹ́ta jẹ́ 5. Ìgbọ̀nwọ́ 45 jẹ́ 3. Bí àpapọ̀ bá kọjá 15, wọ́n á ní kẹ́ ẹ lo páìpù 4 íǹṣì dípò 3. Ẹ wo àpẹẹrẹ yìí: ẹsẹ̀ 2 ní dídùbúlẹ̀, oríkèé onígun mẹ́ta kan, ẹsẹ̀ 10 lóòró, ìgbọ̀nwọ́ 90 kan, ẹsẹ̀ 1 ní dídùbúlẹ̀. Ó jẹ́ 2 + 5 + 5 + 5 + 1, ìyẹn 18. Kò sí bí ẹ ṣe máa yí síkúrù tí páìpù 3 íǹṣì fi máa gba ìyẹn. Bákan náà ni ilé tó wà lókè tó ju ẹsẹ̀ bàtà 3,000 lọ, torí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fúyẹ́.

Páìpù tó dúró lóòró ní ìfà tirẹ̀. Mítà 4 tí èéfín 120°C wà nínú rẹ̀ máa ń fà ní nǹkan bíi 15 Pa nígbà tí ìta bá wà ní 0°C, àti 12 Pa nígbà tí ìta bá wà ní 20°C. Nítorí náà, ẹni tó ṣe àtúnṣe rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án máa rí iye tó ga díẹ̀ ní oṣù kìíní. Kò sí ohun tó bàjẹ́. Ìfà páìpù yìí náà ló ń kó èéfín jáde bí iná mànàmáná bá lọ lójijì, torí náà a kì í fẹ́ràn sítóòfù tí páìpù rẹ̀ kàn gba ògiri jáde láìgòkè rárá.

Símínì gíga gan-an lè fà jù. Ẹ má tìtorí ẹ̀ so dámpà onílẹ̀kùn tó ń ṣí fúnra rẹ̀ mọ́ páìpù, bíi ti àwọn tó ń lo sítóòfù igi tàbí epo, àyàfi tí àwọn tó ṣe sítóòfù bá fọwọ́ sí i. Lọ́jọ́ tí páìpù bá ń tì dípò kó fà, ẹnu dámpà yẹn ni èéfín máa gbà jáde sínú ilé.

Síkúrù ti kàn wàyí

Ó mọ́, ó dì, páìpù bá a mu, ilé kò fà á lọ́wọ́, iye sì ṣì yàtọ̀ sí ti ìwé. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ara dámpà ẹnu afẹ́fẹ́. Ẹ gbé e sí ibi tí ìwé ní kó wà, ẹ fi síbẹ̀.

Ohun kan wà níbí tó dà bí àdììtú fún ẹni tó kọ́kọ́ rí i. Bí ẹ bá ṣí dámpà yẹn sí i, iná á rí afẹ́fẹ́ púpọ̀ sí i, àmọ́ géèjì á wálẹ̀. Bí ẹ bá tì í, iná á rọ, géèjì á gòkè. Ti fáànù yàtọ̀: bó bá yára sí i, afẹ́fẹ́ àti géèjì jọ ń gòkè ni. Ẹni tó bá ń lo dámpà láti fi lé nọ́ńbà tó wà nínú ìwé kiri lè débi tí ìwé sọ, kó sì ti fún iná lọ́rùn pa. Fáànù la fi ń tún ìfà ṣe.

Lára àwọn sítóòfù kan, bọ́tìnì ni wọ́n fi ń yí ìyára fáànù, ìwọ̀n kékeré àti ìwọ̀n ńlá lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Lára àwọn mìíràn, síkúrù pẹ́ńpẹ́ kan lórí bọ́ọ̀dù ni, tí wọ́n kọ «low draft» tàbí «draft adjust» sí lẹ́gbẹ̀ẹ́. Iná mànàmáná 120 fóòtì wà láyìíká rẹ̀, 230 ní Britain. Síkúrùdiráfà onírọ́bà tín-ín-rín ni kẹ́ ẹ lò, ọwọ́ kan ṣoṣo, ẹ má fi ìkejì kan ara sítóòfù. Ẹni tí ẹ̀rù iná bá ń bà, kó pe oníṣẹ́.

Níwọ̀n kékeré, nígbà tí irin ti gbóná, ẹ sàmì sí ibi tí síkúrù wà tẹ́lẹ̀. Ẹ yí i ní ìdá kan nínú mẹ́jọ ìyípo. Géèjì á dáhùn lójú ẹsẹ̀. Iná kì í yára bẹ́ẹ̀, nítorí náà ẹ fún un ní ìṣẹ́jú 15 kẹ́ ẹ tó ṣèdájọ́, kẹ́ ẹ sì tún wò ó níwọ̀n ńlá kẹ́ ẹ tó pa ilẹ̀kùn bọ́ọ̀dù dé.

Iná tó dára mọ́lẹ̀ yòò, ó pọ́n bí òrom̀bó tó ń lọ sí yẹ́lò, ó ń jó fìrìfìrì, orí rẹ̀ kò dúdú. Eérú tó fi sílẹ̀ funfun tàbí ó rí bí eérú lásán, ó sì fúyẹ́. Bí iná bá kúrú, tó funfun jù, tí ẹ̀yinná ń fò jáde nínú abọ́, tí pẹ́lẹ́ẹ̀tì aláìjó ń bọ́ sínú eérú, ìfà ti pọ̀ jù: owó yín ń gba páìpù jáde. Ẹ dín in kù. Bí iye bá bá ìwé mu tí iná sì ṣì rọ, ẹ fi ìfà sílẹ̀, ẹ dín pẹ́lẹ́ẹ̀tì tó ń bọ́ sínú abọ́ kù, tàbí kẹ́ ẹ yí irú pẹ́lẹ́ẹ̀tì padà. Èyí tó ti fa omi máa ń wú, ó máa ń fọ́ lọ́wọ́ bí ẹ bá ṣẹ́ ẹ, kò sì sí ìfà tó lè mú un jó dáadáa.

Ẹni tó ń fi jẹnẹrétọ̀ tàbí ínfátà gbé sítóòfù nígbà tí iná bá lọ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé fóòtì tó bá wálẹ̀ ń mú fáànù lọ́ra. Ẹ má tún ìfà ṣe nígbà yẹn.

Kẹ́ ẹ tó kó irinṣẹ́ nílẹ̀

Ẹ dá bóòtì ihò ìwọ̀n padà, ẹ mú un le. Ẹ yọ oríkèé onígun mẹ́ta, ẹ dá hóòsì súwíìṣì padà sí ẹnu tí ẹ ti yọ ọ́. Bí súwíìṣì náà bá ní ẹnu méjì, ẹ ṣọ́ra kẹ́ ẹ má ṣi ẹnu mú. Ẹ fi bírò tí kì í parẹ́ kọ ìwọ̀n kékeré, ìwọ̀n ńlá, iye òtútù àti ọjọ́ náà sí inú ìdérí àpótí pẹ́lẹ́ẹ̀tì. Lọ́jọ́ iwájú, bí iye òtútù bá ti já ju ìdá kan nínú márùn-ún lọ, ó ti tó àkókò fífọ̀.

Lẹ́yìn náà, nígbà tí iná bá ń jó níwọ̀n kékeré, ẹ ṣí ilẹ̀kùn sítóòfù díẹ̀ kẹ́ ẹ sì tẹ́tí. Irin lílọ́ tó ń ti pẹ́lẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ dákẹ́, lójú ẹsẹ̀ lára àwọn kan, lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ lára àwọn mìíràn. Bí kò bá dákẹ́ láàárín àkókò tí ìwé sọ, ẹ wò ó bóyá ẹnì kan ti so wáyà méjèèjì súwíìṣì fákúùmù pọ̀ kí sítóòfù lè máa ṣiṣẹ́ tipátipá. Àwọn kan máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọn ò rí ìdí tó fi ń kú. Ẹ tú u, ẹ ra súwíìṣì tuntun. Sítóòfù tí kò mọ̀gbà tí ìfà rẹ̀ já lè máa da pẹ́lẹ́ẹ̀tì lé iná tí kò rí afẹ́fẹ́, títí iná á fi rìn padà sínú àpótí.